Ariwo tó gba ẹ̀yìn kébù wọlé: àkọsílẹ̀ wáyà gígùn kan àti coax rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń tẹ́tí sí rédíò ìgbì kúkúrú ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní áńtẹ́nà táwọn nà sẹ́yìnkùlé ti tán àwọn ní sùúrù. Láti 10 MHz lọ sókè, ó ń gbé ohùn wọlé dáadáa. Tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ 5 MHz, ariwo á pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Tí wọ́n bá wá dé ìgbì alábọ́dé, láàárín 530 sí 1700 kHz, ilé-iṣẹ́ méjì péré tó lágbára jù ni wọ́n ń gbọ́. Àwọn yòókù ti rì.

"Mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe," ni wọ́n wí. "Mo fi tíránsífọ́mà 9:1 sí i, mo ra coax tó dáa, mo tún ra túnà lé e. SWR rẹ̀ ò burú. Àbúrò, kí ló kù?"

Mo ní kí wọ́n má tíì ra ohunkóhun mọ́, pé mò ń bọ̀. (Coax ni kébù tó ní wáyà kan láàárín, tí àwọ̀n bàbà yí ká. Túnà ni ẹ̀rọ tó ń mú kí áńtẹ́nà àti rédíò bára mu. SWR ni nọ́ńbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe bára mu tó: 1 ló dáa jù, bó ṣe ń ga sí i ni ìbámu ń burú sí i.)

Bí mo ṣe bá nǹkan nìyí. Wáyà bàbà kan tó gùn ní mítà 20 ni wọ́n nà láti orí òpó lọ sára igi, ní nǹkan bíi mítà 6 sókè. Ìdí wáyà náà wọ inú àpótí ike kékeré kan tí wọ́n rà ní ṣíṣe, tí tíránsífọ́mà 9:1 náà wà nínú rẹ̀: ojú kan wà fún wáyà, ojú kan wà fún ilẹ̀, ẹnu kan wà fún coax. Ojú ti ilẹ̀ ṣófo, wọn ò so ohunkóhun mọ́ ọn. Láti ibẹ̀, coax RG-58 mítà 25 gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọ yàrá, ó gba inú túnà kọjá, ó sì wọ rédíò SDR, ìyẹn rédíò tí kọ̀ǹpútà ń bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tó wà lára kọ̀ǹpútà. Ẹnu rédíò náà jẹ́ 50 ohm, bíi ti coax.

Impedance ni gbogbo bí wáyà tàbí ẹ̀rọ kan ṣe ń tako iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, ohm la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ti áńtẹ́nà bá bá ti coax mu, gbogbo agbára tí áńtẹ́nà lè fi sílẹ̀ ló máa wọ kébù. Tí wọn ò bá bára mu, apá kan ò ní wọlé. Ìṣòro wáyà tí a fẹ́ fi gbọ́ ìgbì púpọ̀ ni pé kò ní impedance kan pàtó. Ní nǹkan bíi 3.75 MHz, wáyà mítà 20 yìí jẹ́ ìdá mẹ́rin ìgbì, ìdí rẹ̀ ò sì ju ọgọ́rùn-ún ohm lọ níbẹ̀, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ní 7.5 MHz, tó ti di ìdajì ìgbì, ó ti fò sókè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohm. Ní 1 MHz, ó kúrú débi pé bíi kàpásítọ̀, ohun tó ń kó iná pamọ́ díẹ̀, ló ṣe ń hùwà, nǹkan bíi 120 pF (pF la fi ń wọn kàpásítọ̀), èyí tó ń tako iná tó 1,300 ohm. Kò sí tíránsífọ́mà tó lè sọ gbogbo ìyẹn di 50 ohm pọ̀. Ohun tí 9:1, tó ń fi 9 pín impedance, ń ṣe ni pé ó dúró sáàárín, ó ń wo wáyà náà bí ẹni pé 450 ohm ni, kí ìyàtọ̀ tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ má bàa pọ̀ jù lápá kan.

Àwọn tó ń gbọ́ rédíò máa ń bẹ̀rù SWR ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé ọwọ́ àwọn tó ń fi rédíò ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. SWR 2 ń dá agbára 11 nínú 100 padà, ìyẹn dB 0.5 (dB la fi ń wọn bí agbára kan ṣe ju òmíràn lọ), etí èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n. SWR 3 ń dá 25 padà nínú 100, dB 1.25 nìyẹn. SWR 10, tí ẹni tó ń ránṣẹ́ ò ní fojú rere wò láéláé, kò tó dB 5 tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́.

Ìdí tí dB 5 kì í fi í pa ẹni tó ń gbọ́ ìgbì kúkúrú lára ni ariwo ìta. Ìwé ITU-R P.372, tí àjọ àgbáyé tó ń bójú tó rédíò kọ lórí ariwo rédíò, fi hàn pé ní àdúgbò ilé gbígbé, ariwo tí ẹ̀rọ ọmọ èèyàn ń dá sílẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi dB 72 ga ju ariwo tí ooru lásán ń fà lọ ní 1 MHz; ó ń tó dB 45 ní 10 MHz, ó sì ń tó dB 32 ní 30 MHz. Ariwo ti inú rédíò gidi fúnra rẹ̀, lórí òṣùwọ̀n kan náà, sábà máa ń wà ní dB 10 sí 15. Ti ìta ti bo ti inú mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá pàdánù dB 5 nídìí áńtẹ́nà, ohùn àti ariwo ìta jọ máa rẹlẹ̀ ni, àlàfo tó wà láàárín wọn ò ní dínkù. Àlàfo yẹn sì ni etí ń gbọ́.

Torí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń ka SWR fún mi, mo ti ń wá ibòmíì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ọ̀nà tí ariwo yẹn ń gbà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé SDR kékeré tèmi àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí kò so mọ́ iná lọ sí ìdí òpó náà. Mo kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀gbọ́n ń rí nínú ilé. Láàárín 1 sí 3 MHz, ìlà òòró ló tò lójú kọ̀ǹpútà wọn bí eyín òòyà, láti ìkan sí èkejì tó nǹkan bíi 65 kHz. Adáptà àti ṣájà ló máa ń fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má yọ ohunkóhun, kí gbogbo rẹ̀ wà lórí iná bó ṣe wà: coax nínú túnà, túnà nínú rédíò, rédíò lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

Mo jáde, mo tú coax ilé kúrò lẹ́nu àpótí, mo fi kébù kúkúrú so rédíò tèmi mọ́ ibẹ̀. Òòyà náà pòórá. Wáyà kan náà ni, àpótí kan náà ni, èmi nìkan ni mi ò so mọ́ ilé. Àwọn ohùn tí ariwo ti bò lábẹ́ 3 MHz bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú díẹ̀díẹ̀.

Mo wá pe ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n wá wo ohun tó kàn. Mo mú ẹnu coax ilé tó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tì í bọ ibì kankan. Irin ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo fi kan ojú ilẹ̀ tó wà lára àpótí. Lójú ẹsẹ̀, òòyà náà yọ padà, ó ga ju ohùn gbogbo lọ. Mo gbé e kúrò, ó lọ. Mo fi kàn án, ó dé. Ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi kàn án fúnra wọn nígbà mẹ́ta, nígbà mẹ́rin.

"Wáyà àárín ò kan nǹkan kan?"

"Kò kan nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn kébù nìkan ni."

Wọ́n dúró, wọ́n ń wo kébù náà láti ẹsẹ̀ òpó títí dé ibi tó ti wọ ògiri.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí ògiri yìí là rèé. Nínú coax, sígínà ń rìn lára wáyà àárín àti lára ojú inú àwọ̀n bàbà tó yí i ká; bí ìkan ṣe ń lọ ni èkejì ń bọ̀, wọ́n sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ojú òde àwọ̀n yẹn, wáyà mìíràn gbáà ni. Ó kan ara rédíò, rédíò kan kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kan iná ilé, iná ilé sì kan gbogbo ṣájà àti gílóòbù LED tó wà nínú yàrá. Ariwo wọn ń gba ojú òde yẹn rìn jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nínú àpótí tí ẹ̀gbọ́n rà, wáyà kan ṣoṣo tí wọ́n ká ni àtiwọlé àti àtijáde jọ ń lò, ojú ilẹ̀ àti àwọ̀n coax sì jẹ́ ibì kan náà. Áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ ní ohun kan tó máa tì sí nísàlẹ̀. Nígbà tí kò rí ilẹ̀, ẹ̀yìn kébù ló tì sí. Bẹ́ẹ̀ ni coax mítà 25 tó so mọ́ gbogbo ariwo ilé ṣe di ìdajì áńtẹ́nà. Ariwo gùn ún dé inú àpótí, ó gba inú tíránsífọ́mà lọ sí wáyà, ó sì padà bọ̀ nínú coax bí ojúlówó sígínà.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi yíyọ wáyà ṣe àyẹ̀wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe. Tí mo bá yọ wáyà tí ariwo sì dákẹ́, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé wáyà ló ń gbé ariwo láti inú afẹ́fẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé mo ti dí ọ̀nà tí ariwo kébù ń gbà jáde sókè ni, torí iná kì í rìn níbi tí kò bá ti rí ibi tó ń lọ. Àyẹ̀wò fífi ẹ̀yìn kébù kàn án ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, bátìrì nìkan ló sì ń béèrè.

Túnà náà ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láéláé. Ìdí rédíò ló wà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tún impedance tó dé ibẹ̀ ṣe, lórí ìgbì kan lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ariwo àti ohùn ti wà nínú kébù pọ̀. Bó bá gbé ohùn sókè, á gbé ariwo pẹ̀lú rẹ̀. A yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà.

A ri ọ̀pá ilẹ̀ mítà 1.2 mọ́ ẹsẹ̀ òpó, a fi wáyà kúkúrú so ó mọ́ ojú ilẹ̀ àpótí. Lẹ́yìn náà, mo ká coax fúnra rẹ̀ nígbà 12 yí òrùka ferrite (ohun líle kan tí òòfà ń gbà inú rẹ̀ kọjá dáadáa) ńlá kan po, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 31, mo sì fi í sí tòsí àpótí. Choke la ń pe ìyẹn. Kò dí sígínà inú kébù lọ́wọ́ rárá, torí pé àlọ àti àbọ̀ tó dọ́gba pa ara wọn rẹ́ lójú ferrite. Ohun tó ń rìn lẹ́yìn kébù nìkan ló ń dojú kọ. Nígbà tí a padà sínú ilé, òòyà náà ti wálẹ̀ débi pé ẹni tó mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè rí i. Inú ẹ̀gbọ́n dùn gan-an. Lórí 3 sí 5 MHz, ọ̀rọ̀ ti ń yé wọn.

Àmọ́ ìgbì alábọ́dé ṣì ṣófo. Ó ti dákẹ́, ariwo ò sí níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ò tíì dé. Mo rántí pé níta, pẹ̀lú rédíò tèmi tó wà lórí bátìrì, apá ibẹ̀ náà ló rẹlẹ̀ jù. Nǹkan kan ń jẹ sígínà kí ó tó wọ coax rárá.

A ṣí àpótí náà. Òrùka pupa kan ló wà nínú rẹ̀, tó fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.3, wọ́n sì ti di wáyà mẹ́ta pọ̀, wọ́n ká a nígbà mẹ́sàn-án yí i po, wọ́n sì so wọ́n léra bí ẹyọ wáyà kan. Gbàrà tí mo rí àwọ̀ pupa yẹn ni mo ti mọ̀. Ìyẹ̀fun irin tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni, T130-2, kì í ṣe ferrite. Ó dára gan-an fún àyíká tí a fẹ́ tún sí ìgbì kan ṣoṣo. Fún tíránsífọ́mà tó fẹ́ gba ìgbì púpọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò ní agbára òòfà tó tó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò náà níbí, torí pé òun ló mú ọkàn ẹ̀gbọ́n balẹ̀ pé kì í ṣe àfojúbù. Lórí T130-2, ìyípo kan ń fúnni ní nanohenry 11 (henry la fi ń wọn agbára wáyà tí a ká, nanohenry 1,000 sì ni microhenry kan), iye náà sì ń fi iye ìyípo lọ́nà ìlọ́po ara rẹ̀ ga. Ìyípo 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81; 81 lọ́nà 11 jẹ́ 891, kò tó microhenry kan. Èyí ni ti ìkan nínú wáyà mẹ́ta náà, èyí tó dábùú ẹnu coax 50 ohm. Ní 15 MHz, ó ń tako iná ní nǹkan bíi 84 ohm, kò burú. Ní 3.5 MHz, kò ju 20 ohm lọ. Ní 1 MHz, ó kù sí ohm 5.6. Ìyẹn túmọ̀ sí pé lórí ìgbì alábọ́dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé èèyàn gbé irin lé ẹnu coax. Òfin tí àwọn tó ń ká tíránsífọ́mà ń tẹ̀ lé ni pé ní ìgbì tó kéré jù tí a fẹ́ gbọ́, kí àtakò wáyà yẹn tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún 50 ohm, ó kéré tán.

Tí a bá fi wáyà mítà 20 náà sínú ìṣirò ní 1 MHz, tíránsífọ́mà 9:1 tó dáa máa ń fi nǹkan bíi dB 9 gbé sígínà sókè ju ká so wáyà mọ́ coax ní tààràtà lọ. Olórùka pupa yìí ń fi nǹkan bíi dB 9 rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju ìyẹn náà lọ. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì jẹ́ dB 18. Mo ti sọ lókè pé dB 5 kì í pa wá lára. Ṣùgbọ́n wáyà tó kúrú tó yìí lórí ìgbì tó gùn ní mítà 300 ti pàdánù púpọ̀ ná kí ó tó dé àpótí, àlàfo tó kù láàárín ariwo ìta àti ariwo inú rédíò kò tó nǹkan mọ́. Bí a bá tún yọ 18 kúrò nínú ìyẹn, ohùn ti ń rá pálá nítòsí ariwo inú rédíò nìyẹn, níbi tí ìdọ̀tí tí kọ̀ǹpútà ń gba USB fi ránṣẹ́ ti ń dúró dè é.

Láti fi ojú rí i, mo so résítọ̀ 470 ohm mọ́ ibi tí wáyà áńtẹ́nà ń wà, mo sì fi NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn SWR, wo ẹnu coax àpótí náà. 470 tí a fi 9 pín jẹ́ 52, nítorí náà tíránsífọ́mà tó dáa gbọ́dọ̀ fi SWR tó sún mọ́ 1 hàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Eléyìí ń fi nǹkan bíi 2 hàn ní 15 MHz. Ní 3.5 MHz ó ti ju 8 lọ. Ní 1 MHz, nǹkan bíi 80.

Ẹ̀gbọ́n wá béèrè ìbéèrè tó tọ́: "Kí ló dé tí SWR tí mo wọ̀n nínú ilé ò fi burú?" Nǹkan méjì ni. Láti 7 MHz lọ sókè ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Èkejì, kébù tó ń jẹ agbára máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Mítà 25 RG-58 ń jẹ nǹkan bíi dB 2 ní 30 MHz. Ohun tó bá padà láti ìdí áńtẹ́nà máa san owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ní àlọ àti ní àbọ̀. Tí ẹ bá tú ìdí kébù yẹn sílẹ̀ kó ṣófo gedegbe, SWR tí ẹ máa rí nínú ilé kò ní ju 4 tàbí 5 lọ, nígbà tí kò sí áńtẹ́nà kankan níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wọ̀n ọ́n nídìí àpótí.

Èyí tuntun kéré ju orí àtàńpàkò lọ. Ferrite oníhò méjì ni, BN-73-202, tí ìyípo kan lórí rẹ̀ ń fúnni ní nanohenry 8,500. Ìyípo 3 fún apá coax, ìyípo 9 fún apá wáyà. Ìlọ́po mẹ́ta nínú ìyípo ni ìlọ́po mẹ́sàn-án nínú impedance. Ìyípo 3 náà tó microhenry 76, àtakò rẹ̀ ní 0.6 MHz sì ti ju 280 ohm lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 280 àti ohun tí olórùka pupa ń fúnni níbẹ̀, tí kò tó 4 ohm, ni ìyàtọ̀ àárín tíránsífọ́mà àti ìdènà.

Wáyà méjèèjì kò kan ara wọn níbì kankan. Apá kan lọ sí áńtẹ́nà àti ọ̀pá ilẹ̀, apá kejì lọ sí wáyà àárín coax àti àwọ̀n rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí irin fi so wọ́n pọ̀, òòfà nìkan ló ń gbé sígínà kọjá. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo ká àwọn méjèèjì lé ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan náà, torí pé ó rọrùn. Nígbà tí a tì í bọ ibẹ̀, ìsàlẹ̀ dára, ṣùgbọ́n lókè 15 MHz, ariwo ilé kan tún ń yọ́ wọlé. Wáyà méjì tó fara kan ara wọn bẹ́ẹ̀ ń di kàpásítọ̀. Kí ó jẹ́ pF 30 péré, ní 20 MHz àtakò rẹ̀ kò ju 265 ohm lọ, ariwo á kàn gba orí afárá yẹn kọjá ni. Mo tú u, mo tún un ká: ìyípo 3 gba ẹnu ihò ọ̀tún wọlé, ìyípo 9 gba ẹnu òdìkejì, mo sì fi àlàfo sáàárín wọn dé ibi tí ihò gbà mí láyè. Ariwo òkè náà rọlẹ̀. Pẹ̀lú résítọ̀ 470, NanoVNA fi SWR tí kò tó 1.5 hàn láti 0.5 MHz dé nǹkan bíi 15 MHz. Ó wá ń rọra gòkè lọ sí 2 ní 30 MHz. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí òkè náà tẹ́jú ní láti mú wáyà méjèèjì sún mọ́ra, ìyẹn sì máa ṣí ilẹ̀kùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tì. Nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí SWR gòkè.

A kò so àwọ̀n coax mọ́ ọ̀pá ilẹ̀ áńtẹ́nà mọ́, torí pé ká so wọ́n tún jẹ́ ṣíṣí ọ̀nà náà padà. Choke ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mànàmáná wá yàtọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di í. Wáyà náà ń gba inú ìyípo 9 dé ilẹ̀, nítorí náà iná tí afẹ́fẹ́ ń kó lé wáyà lórí ń rí ibi ṣàn sí. Ìyẹn kò lè dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ àrá. Tí òjò bá ti ń ṣú, ẹ yọ coax lẹ́nu rédíò kí ẹ sì gbé e síta. Níbi tí òfin iná bá ti ní kí a so gbogbo ọ̀pá ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ilé, ẹ so wọ́n. Choke ló máa wá ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní RG-6 kan tó kù nílẹ̀, wọ́n ní ṣé kí àwọn jù ú nù torí pé 75 ohm ni. Kí wọ́n má jù ú. 75 sí 50 jẹ́ SWR 1.5, agbára 4 ló ń padà nínú 100, kò tó dB 0.2. RG-6 ń jẹ agbára kéré ju RG-58 lọ, bébà irin tó wà lábẹ́ àwọ̀n rẹ̀ sì ń dí ariwo dáadáa. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé alumíníọ̀mù ni àwọ̀n ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í gba sódà, ẹnu tí a ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ ọn ló yẹ ẹ́. A kò tíì pààrọ̀ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a parí rẹ̀, a jókòó ti ìgbì alábọ́dé. Ibi tí ilé-iṣẹ́ méjì wà tẹ́lẹ̀, a ka 19 tí a lè gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, láì ka àwọn tó kàn ń yọjú tí wọ́n ń rì. Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ń rọra yí i, wọ́n ń dúró, wọ́n ń tẹ́tí.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn ni èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń so áńtẹ́nà mọ́ coax máa ṣe. A fi résítọ̀ 470 dípò wáyà, a wo bí ariwo ṣe rẹlẹ̀ tó lórí ìgbì kọ̀ọ̀kan, a sì dá wáyà padà. Láti ìsàlẹ̀ títí dé nǹkan bíi 20 MHz, ariwo ń fi ohun tó ju dB 10 lọ gòkè nígbà tí wáyà bá wọlé. Ìyẹn ni pé wáyà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe rédíò, kì í sì í ṣe kébù. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ìbámu tó dáa ju èyí lọ lè fi kún un. Ní 25 MHz lọ sókè, ìyàtọ̀ náà kò ju dB 4 lọ. Ibẹ̀ ni ìbámu tó sàn ti lè ṣe ẹ̀gbọ́n láǹfààní lọ́jọ́ iwájú. Ní 3.75 MHz, tí SWR wáyà fúnra rẹ̀ nídìí àpótí ṣì wà láàárín 5 sí 6, ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí n ṣe nǹkan sí i. Mo fi ojú kọ̀ǹpútà hàn wọ́n: nǹkan bíi dB 3 la ń pàdánù níbẹ̀, ariwo afẹ́fẹ́ sì ṣì ga ju ti rédíò lọ fíìfíì. Wọ́n gbà.

Ariwo kan ṣì kù. Ní nǹkan bíi 14 MHz, nǹkan fífẹ̀ kan máa ń dé lọ́sàn-án, ó ń rọra sún síwá sẹ́yìn, ó sì máa ń lọ bí oòrùn bá ti wọ̀. A fi résítọ̀ dípò wáyà, ó dákẹ́. A fi bátìrì gbọ́ ọ nídìí òpó, ó wà níbẹ̀, a fi ẹ̀yìn kébù kan ibikíbi, kò yí padà. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń bá wáyà, kò sí tíránsífọ́mà tó kàn. Mo fura sí ẹ̀rọ iná oòrùn kan nítòsí. Ẹ̀gbọ́n ti gbé rédíò kékeré kan rìn káàkiri ọgbà, wọ́n ní ó ga jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí wáyà náà parí sí. A máa tú orí wáyà kúrò lára igi yẹn, ká nà án sí apá kejì ọgbà, ká wá wò ó.